Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba CDL ní Houston: ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pípín bíà àti míńrà nínú ìlú, àbí kí n gba ọ̀nà jíjìn lọ?

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ọdún kẹta mi rèé ní Houston, green card ni mo fi wọlé. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé, òru ni wọ́n sì máa ń fi mí sí. Oṣù tó kọjá ni mo gba CDL Class A, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ọkọ̀ ńlá tó ń fa tírélà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò, ibi rífáàsì ni mo ti fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀kejì ni Ọlọ́run ṣe é.

Ibi méjì ló ti pè mí. Ọ̀kan ń rìn kárí Amẹ́ríkà: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú títì, ọjọ́ mẹ́ta nílé. Èkejì ni àwọn tó ń pín bíà, omi àti ẹlẹ́rìndòdò fún ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ nínú ìlú níbí. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń wọṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni kálukú ń padà sílé. Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù méje, kò sí ìyá, kò sí ẹ̀gbọ́n kankan nítòsí wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dán ti ọlọ́tí wò, pé iṣẹ́ alábàárù ni wọ́n fi orúkọ awakọ̀ bò. Ṣé òótọ́ ni?

BàbáÌbejì_Baltimore

Àbúrò, òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ, kàn pé kò sọ ọ́ tán ni. Ọdún méjì ni mo fi pín bíà ní Baltimore kí n tó bọ́ sídìí ọkọ̀ epo. Jẹ́ kí n ro bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ fún ọ.

Ìdájí lo máa dé ọgbà ọkọ̀ ilé iṣẹ́. O máa gba ìwé ọjà, o máa wo iye ibi tó o máa dé. Mẹ́rìnlá ló sábà máa ń jẹ́ tèmi, ó ń tó ogún bí ọdún bá ń sún mọ́lé. O máa yẹ ọkọ̀ wò: iná, táyà, bíréèkì afẹ́fẹ́, ilẹ̀kùn. Àwọn ará òru ti kó ẹrù sínú rẹ̀. Ẹrù ibi tó o máa dé gbẹ̀yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé, kí ti ibi àkọ́kọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá kó o ṣì, ìwọ ló máa fi gbogbo òwúrọ̀ wá páálí méjì tó wà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún páálí. Nítorí náà, ṣí ilẹ̀kùn, kí o sì fojú ara rẹ ka ẹrù kí o tó buwọ́ lùwé. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, páálí méje ló sì di gbèsè sí mi lọ́rùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ wọn ò fìgbà kankan kó o sínú ọkọ̀ mi.

Nínú wákàtí mọ́kànlá tí mo máa ń lò lẹ́nu iṣẹ́, n kì í lò ju mẹ́ta lọ nídìí ọkọ̀. Ìyókù, ẹsẹ̀ ni, àti dolly, kẹ̀kẹ́ alátáyà méjì tí a fi ń ti ẹrù. Páálí bíà alágolo 24 tó páùn ogún. Páálí omi oníke 24 wúwo jù ú lọ, ó máa ń tó páùn 26, àwọn ṣọ́ọ̀bù Houston á sì máa ra omi bí ẹni pé kò sí ẹ̀rọ omi nílé wọn. Àgbá bíà ńlá tí àwọn ilé ọtí ń lò, bó bá kún, páùn 160 ni, ìyẹn kílò 72. Lọ́dọ̀ wa níbí, abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ọtí àtijọ́ ń tọ́jú àgbá sí. Àtẹ̀gùn tó há, tó rẹ ṣìnkìn. Eékún òsì mi ṣì ń rántí rẹ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ kò sọ ni èyí. Ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn lè máà rífáàsì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójúmọ́, inú ọgbà tó fẹ̀ sì ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni tèmi, ẹ̀yìn ilé oúnjẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìdọ̀tí, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì. Rífáàsì tó ní kí o padà wá nígbà ìdánwò, inú oṣù mẹ́fà lo máa fi gba ìwọ̀sí rẹ lára ẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Akẹ́rù_Dallas

Èmi fẹ́ gbèjà ọ̀nà jíjìn, nítorí òun ló jẹ́ kí n ra ilé. Wákàtí 11 lo lè fi wakọ̀ nínú wákàtí 14, lẹ́yìn náà o gbọ́dọ̀ sinmi wákàtí 10. Máìlì ni wọ́n ń sanwó lé. Ẹlòmíràn ló ń já ẹrù, ìwọ á jókòó sínú ọkọ̀ rẹ. O máa rí òkè, o máa rí yìnyín, o máa mọ bí atẹ́gùn ṣe ń ti tírélà òfìfo nídìí. Tó o bá fi lo ọdún kan láìsí jàǹbá, ilẹ̀kùn tó máa ṣí fún ọ á pọ̀.

Ṣùgbọ́n mo tún ọ̀rọ̀ rẹ kà, mo rí oyún oṣù méje. Amarillo ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ mi kejì. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ẹkún rẹ̀. Wákàtí mi ti tán, òfin ò sì jẹ́ kí n ṣí ọkọ̀ náà nípò. Ọmọ ọ̀hún ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí, síbẹ̀ bí ìyàwó mi bá ń sọ ìtàn ọjọ́ yẹn fún àlejò, mo máa ń dìde kúrò níjòókòó.

Gba ti inú ìlú, àbúrò mi. Ọ̀nà jíjìn á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

ÌyáWúrà_Atlanta

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin ni mí, mi ò ga, mi ò sì sanra, ọdún kẹrin mi rèé lórí ọkọ̀ ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀gá kan wò mí láti òkè délẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wá gbaṣẹ́, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa lò. Òun ló ti lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé agbára kọ́ ni dolly ń fẹ́. Èyí tó wúwo jù nínú páálí ló ń wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìdí rẹ̀, kí ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín títí ẹrù á fi jókòó sórí táyà méjèèjì. Ẹ máa mọ̀ bó bá ti jókòó, nítorí ọwọ́ yín á fúyẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ dá a dúró kí ẹ tún un tò. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó tàbí àtẹ̀gùn, ẹrù ni kó ṣáájú, kí ẹ̀yin wà lókè rẹ̀. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣáájú, kí ẹ máa fà á tẹ̀lé yín. Ẹni tó bá gbàgbé, tó jẹ́ kí ẹrù wà lókè orí òun, á já lé e lórí lọ́jọ́ kan. Mo rí i ṣojú mi.

Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ onílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fún yín, ẹ máa já ẹrù lápá méjèèjì. Bí ẹ bá kọ́kọ́ já apá ọ̀tún tán pátápátá, ọkọ̀ á fì sí òsì, ibi kọ́nà ni ẹ ti máa mọ̀ pé ẹ ṣe àṣìṣe.

Ẹ̀yin ará Houston, oòrùn yín burú. Lóṣù Kẹjọ, inú ọkọ̀ yẹn dà bí ààrò. Ẹ má dúró dìgbà tí òǹgbẹ bá ń gbẹ yín kí ẹ tó mu omi. Ojú mi ṣú lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan, ọmọ ilé ìwé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló gbé mi jókòó, tó da omi tútù sí mi lọ́rùn.

Àwọn ìbéèrè tí mo bá fẹ́ kí ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: Irú ọkọ̀ wo? Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí orí àti ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, Class B nìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tírélà kò sì ní ka ìrírí rẹ̀ mọ́ ti tírélà lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ ti fi owó kọ́ Class A, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún yín ní èyí tó ń fa tírélà, bó tilẹ̀ kúrú. Ṣé wákàtí ni wọ́n ń sanwó lé, àbí iye ibi tí ẹ dé, àbí iye páálí? Bó bá jẹ́ páálí, ẹ béèrè bí oṣù Kìíní ṣe máa ń rí, nítorí ènìyàn kì í mu bíà nínú òtútù bí ó ṣe ń mu ún lóṣù Keje. Ṣé ẹ máa ní olùrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹrù bá pọ̀? Bí ìgò bá fọ́, ta ló ń san án?

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n Baltimore, ẹ̀gbọ́n Dallas, Ìyá Wúrà. Mo ka ti Amarillo yẹn fún ìyàwó mi, kò sọ nǹkan kan, ó kàn dì mọ́ mi.

Mo ti béèrè. Tírélà kúkurú ni, orí rẹ̀ kò ní ibi ìsùn. Wákàtí ni wọ́n ń sanwó lé fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó di iye páálí àti iye ibi. Wọn ò mẹ́nu ba overtime rárá. Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń dààmú mi ni ti DOT physical, àyẹ̀wò ara tí òfin ní kí awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ṣe. Ẹ̀jẹ̀ mi máa ń gòkè díẹ̀, bàbá mi náà ní in. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí n lọ. Àgbo tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti ilé ni mo ń mu sí i.

Nọ́ọ̀sì_Katy

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró níbi àgbo yẹn ná. Ṣé omi ni wọ́n fi sè é àbí ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́? Bó bá jẹ́ ọtí, ẹ gbé e tì. Awakọ̀ CDL kò gbọ́dọ̀ mu ọtí ní wákàtí mẹ́rin kó tó wọṣẹ́, bí wọ́n bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ̀n ọtí 0.04% nínú ẹ̀jẹ̀ ni òfin fi ààlà sí, kì í ṣe 0.08 ti ọlọ́kọ̀ lásán. Igbó náà ńkọ́: àwọn ìpínlẹ̀ kan ti gbà á láyè, òfin àpapọ̀ kò gbà á fún awakọ̀ rárá. Láti oṣù Kìíní 2020 ni ìjọba ti ní Clearinghouse, tó ń kó orúkọ awakọ̀ tó bá kùnà nínú àyẹ̀wò ọtí tàbí oògùn olóró sílẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ wo ibẹ̀ kí wọ́n tó gbà yín.

Ní ti ẹ̀jẹ̀: bó bá wà lábẹ́ 140/90, tí kò sí àìsàn mìíràn, káàdì ọdún méjì, tó fi hàn pé ara awakọ̀ le, ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Bó bá wà láàárín 140 sí 159 lókè, tàbí 90 sí 99 nísàlẹ̀, ọdún kan ni. Bó bá tó 180/110, wọn ò ní fún yín títí á fi wálẹ̀. Nítorí náà ẹ lọ rí dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹ mú ìwé oògùn náà dání. Ẹ sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má mu kọfí láàárọ̀.

Mo ti rí àwọn ènìyàn wa tó fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ nítorí iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́nChicago

Lórí overtime: òfin àpapọ̀ yọ ọ̀pọ̀ awakọ̀ ọkọ̀ ńlá sílẹ̀ nínú àwọn tó di dandan kí wọ́n san owó kan àtààbọ̀ fún lẹ́yìn wákàtí 40. Bí o kò tilẹ̀ kúrò ní Houston, tó bá jẹ́ pé ìpínlẹ̀ mìíràn ni ẹrù náà ti ń bọ̀, ó lè kàn ọ́. Ilé iṣẹ́ kan ń san án, òmíràn kì í san. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, má gba ti ẹnu. Níbí, ọ̀pọ̀ awakọ̀ bíà ló wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Teamsters, ẹgbẹ́ ló ń bá wa dúnàádúrà. Bèèrè bóyá ti yín ní ẹgbẹ́.

Ohun mìíràn: bí o kò bá kọjá máìlì 150 lófuurufú, bí ẹyẹ ṣe ń fò tààrà, sí ọgbà yín, tí o sì ń padà síbẹ̀ kí wákàtí 14 tó pé, kò di dandan kí o lo ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí. Òfin kan náà yọ irú yín kúrò nínú ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn ọ̀gá kan á máa fi ìyẹn dẹ́rù bani kí ènìyàn má bàa jókòó. Jókòó, kí o jẹun.

Òṣómàáló_Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú òyìnbó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò mọ Houston, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ̀ bíà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi wa ọkọ̀ alágbàtà kan láti Iléṣà lọ sí Ifẹ̀, Ondó, Àkúrẹ́, títí gun òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè. Kíréètì bíà ìgò 12, ti míńrà ìgò 24, orí ni àwọn ọmọ ọkọ̀ fi ń rù ú, kò sí dolly. Òfìfo ló ń dá ìjà sílẹ̀ láyé ìgbà tiwa. O já ogójì kíréètì, ogójì òfìfo lo gbọ́dọ̀ gbà padà. Oníbàárà á ti fi ìgò tí ọrùn rẹ̀ ti ya sáàárín, tàbí ìgò ilé iṣẹ́ mìíràn. Bí o kò bá fà á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó oṣù rẹ ni wọ́n máa fi dí i. Nínú òjò, nínú òkùnkùn, mo ń fi ìka wá ẹnu ìgò. Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ bi yín: àwọn oníṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, ṣé àwìn ni wọ́n ń gbà? Àwìn ló ba ọ̀gá mi jẹ́.

OníBíà_Alief

Ẹ kú àtàárọ̀, bàbá. Ní Texas níbí, òfin kò gba àwìn lórí bíà. Kí páálí kan tó wọlé, owó, ṣẹ́ẹ̀kì tàbí owó tó gba báńkì kọjá gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Ọtí líle àti wáìnì nìkan ló ní àyè díẹ̀: èyí tí wọ́n bá já láti ọjọ́ 1 sí 15, ọjọ́ 25 oṣù náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ san án, èyí tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn títí oṣù fi parí, ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. Òfin ló ń bá awakọ̀ ṣe òṣómàáló, kò sídìí tí a fi máa lóṣòó síwájú ṣọ́ọ̀bù bí àwọn baba yín ṣe ṣe nítorí owó aṣọ.

Àbúrò Ìjẹ̀bú, nítorí ìyẹn, tẹ ṣọ́ọ̀bù láago kí o tó dé. Bí ẹni tó ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì kò bá sí nílé, má já nǹkan kan. Mo ti já páálí ọgbọ̀n rí kí wọ́n tó sọ fún mi pé ọ̀gá wà ní Dallas. Mo sì kó gbogbo ẹ̀ padà.

Fún ẹni tó ń rò ó bóyá iṣẹ́ yìí á pẹ́: láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ọtí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1933, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó ń pọn bíà tà á tààrà fún ṣọ́ọ̀bù. Ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ alágbàtà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìlú ńlá tí kò ní ọgbà ọkọ̀ bíà tirẹ̀, tí ilé awakọ̀ sì ń sún mọ́ ibi iṣẹ́.

BàbáÌbejì_Baltimore

Ọ̀kan tó kù lọ́rùn mi. Bí o bá fẹ́ rífáàsì, sọ̀kalẹ̀ kí o lọ wo ẹ̀yìn. Bó o bá ti wò ó lánàá, tún wò ó lónìí. Ẹnì kan á ti gbé àpótí ìdọ̀tí sún. Bí o bá lè yí i kí ẹ̀yìn ọkọ̀ máa lọ sí apá ibi tí o jókòó sí, kí ojú rẹ lè rí i, yí i bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ máa ná ọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Apá ọ̀tún ni gbogbo jàǹbá mi ti wáyé.

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston (ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà)

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo gba ti ọlọ́tí. Dókítà fún mi lóògùn, 134/86 ni wọ́n kà lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n fún mi ní káàdì. Mo ti bu àgbo dànù, mi ò tíì sọ fún màmá mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, bí mo bá dé ilé, orí ilẹ̀ pálọ̀ ni mò ń sùn sí pẹ̀lú bàtà. Mo fi páùn mẹ́rìnlá rù. Lọ́jọ́ kẹrin, dolly yí mọ́ mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì Bissonnet, páálí bíà onígò mẹ́ta fọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ mi dúró tì mí títí mo fi gbá a tán. Ó ní òun náà fọ́ mẹ́fà. Ìyá Wúrà, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ bí ẹ ṣe sọ.

Rífáàsì: lánàá, ẹ̀yìn ilé oúnjẹ kan tó há, mo sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì wọlé láìtún un ṣe. Kò sí ẹni tó rí mi, ṣùgbọ́n mo jókòó sínú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí n tó ṣílẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ibi kẹtàlá ni mo wà nígbà tí ìyàwó mi pè. Mo tẹ ọgbà láago, ọ̀gá ní kí n máa bọ̀, ó rán ẹlòmíràn sí àwọn ibi tó kù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ilé ìwòsàn. Aago mẹ́jọ ku díẹ̀ ni wọ́n gbé ọmọbìnrin lé mi lọ́wọ́.

Akẹ́rù_Dallas

Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run á wò ó. Inú mi dùn kọjá ohun tí mo lè kọ.

Òṣómàáló_Iléṣà

Ẹ kú ọwọ́ lómi. Orúkọ á mọ́ ọn lára. Ọjọ́ wo ni ìsọmọlórúkọ?

ỌmọÌjẹ̀bú_Houston

Àmín, bàbá. Ọ̀la, Ọjọ́bọ̀, ló pé ọjọ́ kẹjọ. Ibi mọ́kànlá ni wọ́n kọ fún mi ọ̀la, aago mẹ́ta ààbọ̀ ni mo máa dé ọgbà, nítorí náà aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la fi sí. Màmá mi á wà lórí fídíò láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀gànjọ́ òru ni yóò jẹ́ níbẹ̀, ó ní òun ò ní sùn. Ẹni tó bá wà nítòsí Alief ní Houston níbí, ẹ kọ̀wé sí mi kí n fi àdírẹ́sì ránṣẹ́. Míńrà wà, omi wà, mo ti fi dolly kó o wọlé.